Ta Ló Mọ Anseau Mọ́ Ògiri?

Abẹ́ koríko ni wọ́n ti rí òkú Anseau, ọ̀gá àwọn agbẹ́kùúta, nínú ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ láti ogún ọdún.

Òtútù ti dé, wọ́n ti da koríko àti ìgbẹ́ màlúù bo orí ògiri bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, torí ẹfun tí wọ́n fi ń lẹ òkúta kì í gbẹ nínú yìnyín. Ẹnì kan ṣáà lẹ òkúta nínú òtútù yẹn. Ẹfun ẹ̀ rọ bí ìyẹ̀fun. Òkúta yẹ̀, ẹsẹ̀ Anseau yọ.

Àmì tí Josse, ọ̀kan lára àwọn agbẹ́kùúta, fi ń dá iṣẹ́ ẹ̀ mọ̀ ló wà lára òkúta ọ̀hún. Wọ́n mú Josse nílé ẹ̀ nígboro, wọ́n láwọn máa yẹgi fún un ní Sátidé.

Guibert, agbófinró ọba, ò gbà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti sú u. Àlùfáà ní kó lọ bi ìlú, ìlú ní kó lọ bi àlùfáà. Josse ní òun bá Anseau jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa pààyàn táá tún fọwọ́ sí i? Wautier, igbákejì Anseau, fọwọ́ òsì gba ife ọtí, ó ní kó lọ bi Renier káfíńtà. Ilé ìyá ẹ̀ ni Renier ti wà láti ìgbà tí yìnyín ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìyá jẹ́rìí, ó tún bú Guibert lé e.

Guibert padà sídìí òkúta, ó fọwọ́ pa á. Lára gbogbo òkúta Josse, ipa irin tó fín àmì dà sọ́tùn-ún. Ti èyí dà sósì.

Ó bá Wautier nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Àmì Josse lo fín, àmọ́ ọwọ́ òsì ẹ lo fi fín in."

Wautier jókòó sórí òkúta kan.

"Òpó tí mo fi ọdún méje gbé dìde ti là. Anseau ní ká wó o. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Mo la òòlù mọ́ ọn lórí, mo kó àfọ́kù òkúta inú ògiri jáde, mo tì í síbẹ̀, mo fi òkúta dí i."

Guibert nawọ́ láti mú un. Àlùfáà kan fi ọ̀pá dínà.

"Má bínú, agbófinró. Ọwọ́ ọba ò dé inú ọgbà yìí. Àwa la máa bá a wí. Bó bá lọ, ta ló máa parí òrùlé wa?"

Guibert bẹ̀ ẹ́, ó halẹ̀, ó ní òpó yẹn ti là. Àlùfáà ní àwọn ti gbọ́, ó ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n tú Josse sílẹ̀, ó fọwọ́ ra ọrùn ẹ̀, ó bèèrè Wautier. Guibert ní wọ́n ti fi í jọ̀gá.

"Ẹ̀gbọ́n," Josse ní, "ṣé abẹ́ ẹ̀ ni mo ti máa ṣiṣẹ́ lọ́la? Lábẹ́ òpó yẹn?"