Sítíkà Ojú Lára Ilẹ̀kùn Pákó

Akọ̀wé ilé ìtẹ̀wé ló kọ́kọ́ gbóòórùn tínà tí wọ́n fi ń fọ yíǹkì. Nígbà tí wọ́n máa fi irin já àgádágodo ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀, wọ́n bá ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé nílẹ̀ gbalaja, kò mọ nǹkan kan mọ́, agolo tínà dà nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sítọ́ọ̀ náà kò ní fèrèsé kankan. Èékánná rẹ̀ ti ya níbi tó ti ń ha ilẹ̀kùn. Lára ilẹ̀kùn kan náà, lóde, ẹnì kan ti lẹ sítíkà ojú ńlá kan tó là sílẹ̀ rangandan.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ojú yẹn láàárín ìlú. Ọmọbìnrin ayàwòrán kan tí wọ́n ń pè ní Lẹ̀mọ́lẹ̀mọ́ ló ń lẹ̀ ẹ́ káàkiri, lára òpó iná, lára gíláàsì, lábẹ́ afárá. Òun àti ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé sì ti ṣe gbólóhùn asọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, wọ́n ní ọ̀gá tẹ ojú náà láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí oòrùn tó mú, Lẹ̀mọ́lẹ̀mọ́ ti wà látìmọ́lé.

Inspẹ́kítọ̀ tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà fún ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Wòópẹ́, torí bó bá tẹjú mọ́ nǹkan, wàá rò pé ó ń dúró kí nǹkan náà jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ ni. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò fún un láyè àtiwò ó pẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ti ní kílẹ̀ tó ṣú, ilé ẹjọ́ ni ọmọ náà ń lọ. Bí ẹni tó wà lọ́sibítù bá sì kú, ẹjọ́ ìpànìyàn nìyẹn.

"Níbo lo wà láàárọ̀ yìí?" Wòópẹ́ bi í nínú yàrá híhá tí ooru ti fẹ́ pa àwọn méjèèjì.

"Abẹ́ afárá ni, sà. Mo ń lẹ ojú mọ́ ògiri. Ìjọba sì ti ní ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Bí mo sọ̀rọ̀, ẹ̀wọ̀n; bí mo dákẹ́, ẹ̀wọ̀n. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí." Ó bú sẹ́kún.

Àánú rẹ̀ ṣe Wòópẹ́, àmọ́ àánú kì í ṣílẹ̀kùn àtìmọ́lé. Ó gbé sítíkà tó bó lára ilẹ̀kùn sórí tábìlì. "Tìẹ nìyí?"

Ọmọbìnrin náà nu ojú nù, ó fọwọ́ kàn án. "Ojú mi ni, àmọ́ èmi kọ́ ni mo lẹ̀ ẹ́. Rọ́bà nìyí, sà. Gíláàsì àti irin tó ń dán ni rọ́bà wà fún. Tó bá jẹ́ ògiri sìmẹ́ńtì tàbí pákó tí wọn ò fá, ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo máa ń lò, màá fi ìyẹ̀fun pípò lẹ̀ ẹ́, kó lè wọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Rọ́bà lára pákó yẹn? Kò ní í dọ̀la kó tó ṣí."

"Ó ti ń ṣí nígbà tí mo débẹ̀." Wòópẹ́ yí i padà. Àbàwọ́n funfun kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ti ń wò láti àárọ̀. "Kí nìyí?"

Ó gbóòórùn rẹ̀. "Ọṣẹ ni."

"Ṣé o máa ń fi ọṣẹ sí i?"

"Èmi kẹ̀? Ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá, ìgbà wo ló máa dúró kí omi ọṣẹ gbẹ?"

Wòópẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbéra, ó di ilé ìtẹ̀wé.

Àbúrò ọ̀gá, ẹni tó ń lẹ sítíkà mọ́ mọ́tò àti gíláàsì fún wọn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kí lẹ tún ń wádìí? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Àjẹ́ wo?" Akọ̀wé já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu. "Ìjà yẹn ti parí. Ọ̀gá tọrọ àforíjì, wọ́n tún ní kí ọmọ náà wá máa bójú tó iṣẹ́ sítíkà níbí. Ṣebí ìwọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, o ń gbọ́?"

Wòópẹ́ mú sítíkà méjì lórí pẹpẹ, ó fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yìí."

Akọ̀wé bó ẹ̀yìn tirẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ wọ́gọwọ̀gọ. Àbúrò kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fa ike omi ọṣẹ yọ ní ìbàdí, ó fín in sára ògiri, ó gbé sítíkà lé e, ó rọra ń tì í títí ó fi tọ́ gẹ́lẹ́. Ìgbà tó yíjú padà tó rí ibi tí Wòópẹ́ ń wò ló sáré gbé ike náà pamọ́ sẹ́yìn.

"Lẹ̀mọ́lẹ̀mọ́ ì bá lo ìwé," Wòópẹ́ ní. "Ẹni tí kò mọṣẹ́ ì bá lẹ̀ ẹ́ gbígbẹ, bíi ti akọ̀wé. Ẹni tó ń lẹ nǹkan mọ́ mọ́tò ló ń fín omi ọṣẹ kó lè rí i tì sọ́tùn-ún sósì. Ẹ̀rù ò jẹ́ kó o ronú pé pákó ni, ọwọ́ rẹ sì ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára. Kí ló dé?"

"Inú ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo dàgbà sí. Mi ò kọ́ṣẹ́ mìíràn, mi ò mọ ibòmíràn, wọ́n wá fẹ́ fi àjèjì rọ́pò mi. Mo ní kí wọ́n wà níbẹ̀ díẹ̀, kí àwọn náà mọ bí ayé ṣe ń há mọ́ èèyàn. Mi ò mọ̀ pé tínà máa dà."

"Ṣé wọn ò pariwo ni?"

"Wọ́n pariwo. Wọ́n ń pe orúkọ mi."

"Kí ló wá dé tó ò ṣílẹ̀kùn?"

"Mo ti lẹ sítíkà."

Wòópẹ́ pe àgọ́ ọlọ́pàá pé kí wọ́n fi Lẹ̀mọ́lẹ̀mọ́ sílẹ̀. Kò tíì sọ fóònù kalẹ̀ tí ọsibítù fi pè é. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó sì wo ọkùnrin náà pẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ti lajú. Ó rò pé afẹ́fẹ́ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Ó ń bi àwọn nọ́ọ̀sì bóyá àbúrò òun rí ọ̀nà jáde, torí òun pè é títí, kò dáhùn."

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú fún ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ní kó nà án.