Ta Ló Fọwọ́ Kàn Án Kẹ́yìn?

Bùrọ̀dá mi fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ kíbọ́ọ̀dù, kò dún. Ó tún un tẹ̀. Kò dún. Lẹ́yìn kọ́tìnnì tí mo fara pamọ́ sí, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu mú, torí ẹ̀rín tó wà níkùn mi lọ́jọ́ náà, bí mo bá tú u sílẹ̀, òrùlé ilé wa ì bá ṣí lọ sí ìlú kejì.

Ètò mi kò le. Bó bá tẹ̀ ẹ́ tí kò dún, èmi á ké "mẹ̀ẹ̀ẹ̀" bí ewúrẹ́, kó lè rò pé ewúrẹ́ ti wọnú ẹ̀rọ lọ. A ó rẹ́rìn-ín, mà á tún un ṣe, ó parí. Ọmọ kíláàsì mi kan ló kọ́ mi. Ó ní kíbọ́ọ̀dù irú tiwa yìí, ọ̀tọ̀ ni eyín rẹ̀ funfun àti dúdú tí à ń tẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ohùn inú rẹ̀. Ibì kan wà lójú gíláàsì kékeré tó ń tàn níwájú rẹ̀ tí èèyàn ti lè já àwọn méjèèjì kúrò lára ara wọn. Bí o bá ti já a, bí erin mẹ́fà bá jó lórí eyín rẹ̀, kò ní fọhùn. Mo sì ti já a láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ni mo bá yọjú wo Bùrọ̀dá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti rí irú ojú yẹn rí, lọ́jọ́ tí wọ́n wá sọ fún wa pé Bàbá wa ò ní padà wálé mọ́. "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀" há mi lọ́fun bí eegun ẹja.

"Màmá!" ló pariwo. "Màmá, ẹ gbà mí o! Kíbọ́ọ̀dù ti yadi!"

Màmá wa, tí wọ́n ń ránṣọ ní yàrá iwájú, sáré wọlé tàwọn ti téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. "Kí ló ṣe é? Aago mélòó ni ìdánwò ọ̀hún?"

"Aago méjì, Màmá. Aago méjì òní!"

Ilé ẹ̀kọ́ orin tí Bùrọ̀dá fẹ́ wọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń gbani. Wọ́n ní kí olúkúlùkù gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá pẹ̀lú ohùn mẹ́ta tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, èyí tí kò sí nínú ẹ̀rọ ẹlòmíì. Ọdún méjì gbáko ni Bùrọ̀dá fi po tirẹ̀ pọ̀, tó ń yí bọ́tìnnì yìí síwájú, tó ń yí tọ̀hún sẹ́yìn. Ọ̀kan dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá. Ọ̀kan dún bí òjò lórí páànù. Ìkẹta ni ìfé Bàbá wa, bí wọ́n ṣe máa ń súfèé bí wọ́n bá ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tí ìparí rẹ̀ máa ń gbọ̀n díẹ̀. Ìgbà mìíràn Màmá á yọjú, wọ́n á ní, "Jẹ́ kí n gbọ́ bàbá yín." Bùrọ̀dá á tẹ eyín kan ṣoṣo, ìfé náà á sì gba gbogbo ilé.

A bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó ń ṣe é. A yọ pílọ́ọ̀gù, a fi í sí sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn. A wò ó bóyá íápíìsì ló wà lára rẹ̀ tó ń gba ohùn jẹ. A yí fólúùmù dé ìparí. A pààrọ̀ wáyà tó lọ sí sípíkà. Wáyà tí a yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, bí ẹ bá so ó pọ̀, á dé òṣùpá, á sì ṣẹ́kù èyí tí a ó fi sá aṣọ. Ẹ̀rọ ń tàn yòò, kò fọhùn.

Màmá yíjú sí mi. "Ìjàngbọ̀n, o ò fọwọ́ kan nǹkan yìí ṣá?"

Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn, ẹ sì ti mọ ìdí rẹ̀. Màmá ti búra pé bí mo bá tún ṣe àṣàkaṣà kan péré, gbogbo ìsinmi ni mà á fi máa rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ oníbàárà.

"Èmi kẹ̀?" mo ní. "Èmi àti kíbọ́ọ̀dù yẹn ò kíra wa láti ọdún tó kọjá."

Bí Bùrọ̀dá ti sáré jáde lọ pe Bàbá Onírédíò tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ìkóríta, mo bẹ́ mọ́ nǹkan náà. Mo fẹ́ so ó padà. Háà! Ojú gíláàsì yẹn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ojú ìwé ló wà nínú rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni wọ́n gé kúrú bí ẹni tó ń sín. Mo tẹ̀ síwájú, mo tẹ̀ sẹ́yìn, òógùn ń ya lójú mi bí omi ẹ̀rọ. Èwo ni mo pa láàárọ̀? Mi ò rí i mọ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo fò padà sórí àga.

Bàbá Onírédíò wọlé, wọ́n gbé àpótí iṣẹ́ wọn kalẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ tíì wo ẹ̀rọ náà tí wọ́n fi béèrè pé, "Ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn?"

"Èmi ni, bàbá," ni Bùrọ̀dá dáhùn. "Lánàá. Ó ń dún dáadáa."

"Kò sẹ́lòmíì?"

Wọ́n wo Màmá. Wọ́n wò mí. Mo ń ka gbogbo ihò tó wà lára nẹ́ẹ̀tì fèrèsé.

"Bóyá eku ni," mo ní.

"Eku?" Bàbá Onírédíò rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Eku ilé yín mọ orin o."

Wọ́n tẹ orin kékeré kan tó ti wà nínú ẹ̀rọ náà látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ó ké tantan! Bùrọ̀dá fò sókè. Ṣùgbọ́n nígbà tó fọwọ́ kan eyín rẹ̀, òfìfo.

"Sípíkà ò ṣe nǹkan kan, wáyà ò ṣe nǹkan kan," ni Bàbá Onírédíò wí. "Eyín rẹ̀ ni ò bá ohùn sọ̀rọ̀ mọ́. Ìdọ̀tí ló máa wà níbẹ̀. Àmọ́ rédíò ni mo mọ̀ jù o, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́."

Wọ́n tú u. Wọ́n kó nọ́ọ̀tì kéékèèké tí wọ́n tú lára rẹ̀ sáàárín ètè, wọ́n ń fi òwú nu ìsàlẹ̀ eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Aago mẹ́wàá kọjá. Mọ́kànlá kọjá. Bùrọ̀dá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Aago tó wà lára ògiri ń dún létí mi bí òòlù alágbẹ̀dẹ. Wọ́n dì í padà, wọ́n tàn án. Kò dún.

Bàbá Onírédíò nu ọwọ́. "Ọ̀nà kan ló kù. Ká dá a padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó o fi sínú rẹ̀ ló máa pa rẹ́. Ṣé o ti kó wọn pa mọ́ síbòmíì?"

"Ọ̀la Sátidé ni mo fẹ́ ṣe é," ni Bùrọ̀dá wí. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé kòkòrò ì bá ní kó sọ̀rọ̀ sókè.

"Ìfé bàbá rẹ ńkọ́?" ni Màmá béèrè.

"Màmá, bí kò bá dún rárá, kí ni mo fẹ́ gbé lọ?"

Bùrọ̀dá na ìka sí bọ́tìnnì méjì tí à ń tẹ̀ pọ̀ láti dá a padà. Mo dìde. Mo la ẹnu. Gbogbo wọn yíjú sí mi, mo sì rí ojú Màmá.

"Mo... mo fẹ́ lọ mu omi," mo ní.

Ó tẹ̀ ẹ́.

Ojú gíláàsì ṣókùnkùn, ó tún tàn. Bùrọ̀dá fọwọ́ kan eyín kan, ó dún! Ó dún bí kíbọ́ọ̀dù gbogbo ayé. Ó wá ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sí. Ó wá òjò, kò sí. Ó wá ibi tí Bàbá wa wà. Ó tẹ̀ ẹ́, ohùn fèrè kan tí a ò mọ̀ rí ló jáde. Màmá fi téèpù bo ẹnu.

Bàbá Onírédíò kò yọ̀. Wọ́n fajú ro. "Ẹ dúró ná. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí ni, èyí tí a ṣe yìí kì í nu ìdọ̀tí. Ṣe ni ẹnì kan pa nǹkan nínú rẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá wá ibẹ̀ rí ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sóhun tí ì bá sọnù." Wọ́n wá rọra wò mí. "Ọmọ mi, mo béèrè lẹ́ẹ̀kan."

Mo wólẹ̀. Ẹkún tí mo sun, odò ì bá ya wọ ilé wa. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí ewúrẹ́.

Ẹnikẹ́ni ò lù mí. Ì bá sàn kí wọ́n lù mí. Bùrọ̀dá kàn fa àga, ó jókòó. "Màmá, ẹ lọ jókòó ti ẹ̀rọ yín, kẹ́ ẹ máa ránṣọ, kí n lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀." Sí mi: "Mú bírò. Ohun tí mo bá pè, máa kọ ọ́." Màmá ń ránṣọ, omi ń bọ́ lójú wọn sórí aṣọ oníbàárà; Bùrọ̀dá dẹtí, ó ń yí bọ́tìnnì; èmi ń kọ nọ́ńbà. Nígbà tí aago kan fi lù, ohùn ẹ̀rọ ìránṣọ ti padà. Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá wa ò sì sí níbẹ̀ láti súfèé.

Ohùn kan ṣoṣo ló gbé lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé: ohùn náà dára púpọ̀, àmọ́ mẹ́ta ni àwọn béèrè; kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ jálẹ̀ ìsinmi, mi ò ráhùn. Ọjọ́ Sátidé, bí Bùrọ̀dá bá jókòó ti kíbọ́ọ̀dù, èmi ni mò ń kọ gbogbo nọ́ńbà sínú ìwé. Òjò ti padà. Ìfé la ṣì ń wá. A ó pe Màmá, wọ́n á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á tẹ́tí sí i, wọ́n á mi orí.

"Kò tíì jọ ọ́," ni wọ́n máa ń sọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ fẹ́ràn eré bíi tèmi, mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣeré. Ṣùgbọ́n eré mi ò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, Bàbá Onírédíò ì bá sì tún un ṣe ní márùn-ún. Ẹnu tí mo pa mọ́ ló gba ọdún kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, tó sì gba ohùn Bàbá wa lọ́wọ́ gbogbo wa. Bí ẹ bá ti ba nǹkan jẹ́, tí wọ́n sì béèrè ẹni tó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn, ẹ tètè dáhùn, nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe.