Òjò Tí Sambuu Fi Wàrà Kí

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹrin, Sambuu dúró lẹ́nu àgọ́ rẹ̀ láàárọ̀, ó fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó ń wo àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ wọ́n.

Ọgọ́sàn-án ni gbogbo wọn. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, òun àti Norjin ìyàwó rẹ̀ ti fi òòyà irin ya irun kúrò lára mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nínú wọn. Irun múlọ́múlọ́ tó ń fara pamọ́ sábẹ́ irun gbọọrọ, èyí tí àwọn oníṣòwò ń fi ojú méjèèjì wá, ti kún àpò mẹ́ta bámúbámú. Sambuu ní bí òun bá tú àwọn àpò náà, gbogbo òkè tó wà lẹ́yìn àgọ́ àwọn yóò sọnù sínú wọn, wọn ò sì ní rí i mọ́ títí ọdún.

Ibi tó ti ń fọ́nnu lọ́wọ́ ni Gombo, aládùúgbò rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àfonífojì, ti gun alùpùpù dé láti wá mu tíì.

"Sambuu! Ta ló tú àwọn ẹran yìí síhòòhò?"

"Èmi ni! Àwọn tìẹ ńkọ́? Wọ́n ṣì wọ kóòtù bí ọ̀gá ọ́fíìsì. Ọ̀lẹ! Kó o tó gbé òòyà, gbogbo irun wọn á ti há sára ẹ̀gún."

"Ọ̀lẹ ni mí, mo gbà. Ṣùgbọ́n etí mi kì í ṣọ̀lẹ. O ò gbọ́ rédíò ni? Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti ń sọ bí gbogbo agbègbè wa ṣe máa rí lónìí."

"Mo gbọ́ ọ ketekete! Wọ́n ní òjò ń bọ̀!"

Ẹ wá wo ayọ̀. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ẹ̀kán omi kan ò já sílẹ̀. Iyanrìn wà nínú tíì, iyanrìn wà nínú bàtà, Sambuu tilẹ̀ búra pé òun sín lọ́jọ́ kan tí òkúta jáde nímú òun. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá bá òjò wọlé, àlejò oríire ni. Sambuu gbé korobá wàrà àti ṣíbí onígi, ó bọ́ síta, ó sì ń wọ́n wàrà sójú ọ̀run láti fi kí òjò káàbọ̀: ẹ̀ẹ̀kan síwájú, ẹ̀ẹ̀kan sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀kan sọ́tùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan sósì.

"Bàbá Oyun!" Norjin fi orúkọ ọmọ wọn pe ọkọ rẹ̀ láti inú àgọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣẹ́ èyí tá a máa dà sí tíì kù!"

Gombo ò rẹ́rìn-ín. "Ohun mẹ́ta ni wọ́n sọ, Sambuu. Ìjì, òjò, àti ìrì dídì tó ń sọ ilẹ̀ di funfun lóru."

"Ta ló ní kó o máa kà á? Èyí tó dùn nínú wọn ni mo mú. Ṣé wọ́n dárúkọ yìnyín tó ń bọ́ bí òwú ni? Yìnyín ló ń pa ẹran. Ta ló ti rí òjò tó pa ewúrẹ́ rí?"

Norjin yọjú. "Ẹ jẹ́ ká dá àwọn tá a ti ya irun wọn dúró sílé. Àwọn tó ṣì ní irun lára nìkan ni kó jáde."

"Sílé kẹ̀? Kí wọ́n lọ jẹ koríko! Òjò yìí, omi ìwẹ̀ wọn ni."

Báyìí ni gbogbo ọgọ́sàn-án ṣe gun ẹ̀gbẹ́ òkè lọ. Gombo mu tíì rẹ̀ tán, ó ní òun ń lọ kó ẹran tòun wọlé.

Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ìjì dé.

Kì í ṣe ìjì kékeré. Ìjì tó gbé kẹ́tùlù kúrò lórí ààrò, tó sọ ajá di ẹni tó ń fẹ̀yìn rìn, tó já fìlà gbà lórí Sambuu, tí a ò sì tíì gbúròó fìlà náà di òní olónìí. Kò pẹ́ ni òjò tẹ̀ lé e. Kò rọ̀ wá sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń bọ̀, ó ń ta èèyàn lójú bí abẹ́rẹ́.

Sambuu dúró nínú rẹ̀, ó la ẹnu, ó ń mu ún. "Norjin! Jáde wá gba oríire!"

Norjin jáde. Ó wo ẹ̀gbẹ́ òkè. Korobá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Oyun, níbo làwọn ewúrẹ́ ń lọ?"

Àwọn ẹran ti kẹ̀yìn sí ìjì, ìjì sì ń tì wọ́n lọ. Àwọn onírun ń rìn. Àwọn tí a ti ya irun wọn ń sá, wọ́n ń sá tààrà lọ sí bèbè odò gbígbẹ, níbi tí ilẹ̀ ti já sísàlẹ̀. Sambuu fò sórí alùpùpù tirẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀kan ti kúnlẹ̀. Èkejì kúnlẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, ó di èyí tó sún mọ́ ọn mú láti gbé e dìde. Ara rẹ̀ tutù bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lábẹ́ yìnyín.

Koríko ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti kú.

Sambuu mì ín jìgìjìgì. Ó gbé òkú ewúrẹ́ náà mọ́ra, ó dúró bí òpó.

"Ẹ̀gbọ́n Sambuu! Ẹ gbé e sílẹ̀! Ẹ bọ́ síwájú wọn!"

Dolgor nìyẹn, dókítà ẹran agbègbè wa. Láti àárọ̀ ló ti ń wa ọkọ̀ rẹ̀ kiri láti àgọ́ dé àgọ́, ó ń kìlọ̀ fún àwọn tó ti tètè ya irun ẹran. Ó wa ọkọ̀ náà dábùú iwájú agbo, ó ń tẹ fèrè kíkankíkan. Sambuu gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n yí agbo padà nígbà tó ku bí ìṣísẹ̀ ogún kí wọ́n já sí bèbè. Márùn-ún ò dìde mọ́.

"Òjò lásán ni o," Sambuu ń tún un sọ. "Dókítà, òjò lásán ni."

"Yìnyín, ẹran máa ń gbọ̀n ọ́n dànù ni, ẹ̀gbọ́n. Òjò máa ń wọ̀ ọ́ lára. Irun tó yẹ kó dá a dúró, inú àpò yín ló wà. Tí ara bá ti wá tutù báyẹn, ìjì á jí gbogbo ooru inú rẹ̀ kó lọ. Ẹ jẹ́ ká lọ!"

Nígbà tí wọ́n délé, Dolgor ò jókòó. Àwọn onírun lọ sẹ́yìn ọgbà. Àwọn tó kù wọ ilé ẹran, àwọn tó rẹ̀ jù sì wọ inú àgọ́. Norjin tú àpótí aṣọ. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ewúrẹ́ kan ti wọ ẹ̀wù ṣẹ́dà tí Sambuu ń wọ̀ lọ síbi ìjàkadì, òmíràn wọ súwẹ́tà ilé ìwé Oyun, ọmọ wọn tó wà nílùú, àgbà òbúkọ kan sì wọ ẹ̀wù ìgbéyàwó Norjin, ó ń wo gbogbo ilé bí ìyàwó tí wọn ò fún lóúnjẹ.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nílé ẹran, àwọn ewúrẹ́ ti ń gun ara wọn láti wá ooru.

"Ẹ tú wọn ká!" Dolgor kígbe. "Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ò lè mí!"

Wọ́n ń fà wọ́n ní ìwo, wọ́n ń fà wọ́n lẹ́sẹ̀. Méjì ti kú nísàlẹ̀, wọ́n pẹlẹbẹ bí awọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni òjò dá. Ìjì rọ̀. Ojú ọ̀run mọ́ bíi gíláàsì tí wọ́n fọ̀. Sambuu mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ilé ẹran.

"Ó ti parí. Ẹ jẹ́ kí n kó wọn síta kí afẹ́fẹ́ gbẹ wọ́n lára."

Dolgor di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kò tíì parí. Mélòó ni rédíò sọ?"

Sambuu wò ó. "Mẹ́ta," ó wí, ohùn rẹ̀ kéré.

"Ìkùukùu ni kúbùsù ilẹ̀. Wọ́n ti ká a kúrò báyìí. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ báyìí lẹ́yìn òjò, tí afẹ́fẹ́ ò sì fẹ́, ìrì á dì kó tó di òwúrọ̀. Ẹran tó bá tutù níta kò ní rí oòrùn. Ẹ dá iná, ẹ fún wọn ní koríko gbígbẹ, kí ikùn wọn ní ohun tó máa fi ṣe ooru. Ẹ nù wọ́n títí wọ́n á fi gbẹ."

Wọ́n nù wọ́n. Wọ́n nù wọ́n títí apá fi di igi.

Ní òwúrọ̀, ilẹ̀ funfun báláú. Omi inú korobá le débi pé àáké ló lè là á. Sambuu rí ewúrẹ́ kan lẹ́yìn òkìtì ìgbẹ́ ẹran, èyí tí wọn ò rí kà lánàá. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kọjú sí wọn.

"Wò ó, ìwọ alágídí! Máa bọ̀ níbí."

Kò wá. Sambuu súnmọ́ ọn, ó fọwọ́ kàn án. Ó ṣubú bí àga tí wọ́n tì.

Ìkẹjọ nìyẹn. Nínú àwọn tí a ti ya irun wọn, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta là. Gombo gbé koríko gbígbẹ dé lórí alùpùpù, ó sọ ọ́ kalẹ̀, kò sọ̀rọ̀ àná rárá. Sambuu ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

"Gombo, mo gbọ́ ọ o. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Èyí tó wù mí ni mo gbà."

Ẹ̀yin darandaran, àkókò tí irun ń tú lára ewúrẹ́ náà ni ojú ọjọ́ máa ń yí padà lójijì. Kẹ́ ẹ tó gbé òòyà, ẹ gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ márùn-ún tó ń bọ̀, ẹ gbọ́ ọ dópin. Bí wọ́n bá dárúkọ ìjì àti òjò pọ̀, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ má ṣe ya irun èyí tó lóyún tàbí èyí tó rù. Ẹ fi irun tó wà lórí ìbàdí ẹran sílẹ̀ títí ooru á fi dé. Àwọn tẹ́ ẹ ti ya irun wọn, ẹ dá wọn dúró sílé, ẹ bọ́ wọn yó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn. Bí òjò bá dá tí ojú ọ̀run mọ́, ẹ má tíì ṣílẹ̀kùn, ìrì dídì ṣì ń bọ̀. Ẹ ka ẹran yín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bẹ́ ẹ bá sì ti gbọ́ ìkìlọ̀, ẹ gun ẹṣin tàbí alùpùpù lọ sí àgọ́ tó tẹ̀ lé tiyín. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń yọ̀ lọ́wọ́ pé òjò ń bọ̀.