Àyẹ̀wò Tí Kiprono Kọ́kọ́ Kọ

Tíì ń dà sára ẹ̀wù Kiprono lọ́jọ́ tí Nekesa kọ́kọ́ rí i. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ débi pé kò mọ̀ pé ife ti dojú dé.

Ilé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, fún àwọn àgbẹ̀ tíì, ní Nairobi. Kiprono ló máa ń dán nǹkan tuntun wò: á kọ ọ́, á pa á rẹ́, á tún un kọ. Nekesa ló ń kọ àyẹ̀wò, ìyẹn kóòdù kékeré tó ń yẹ iṣẹ́ àwọn yòókù wò fúnra rẹ̀. Tí kóòdù bá dáa, ojú kọ̀ǹpútà á di àwọ̀ ewé. Tí kò bá dáa, á pupa.

"Màdáámù Pupa, ṣé n óò rí àwọ̀ ewé lónìí?" ni Kiprono máa ń bi í.

"Tí o bá ṣiṣẹ́ bí èèyàn!"

Àwàdà yẹn ló di ìfẹ́.

Àfi ìgbà tí Moraa, òṣìṣẹ́ tuntun, dé. Òun àti Kiprono á jọ máa dán oríṣiríṣi wò, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín kèékèé, wọ́n á pín mandazi kan, búrẹ́dì díndín, jẹ. Háà, Nekesa jowú! Ló bá ṣe ohun tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í ṣe: ó na àyẹ̀wò rẹ̀ dé inú fódà, àpò iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, tí àwọn méjèèjì fi ń ṣeré. Kóòdù tí kò tíì mọ ohun tó fẹ́ dà, gbogbo rẹ̀ pupa, kọ̀ǹpútà ò sì gbà wọ́n láyè láti tẹ̀ síwájú mọ́.

Kiprono wá bá a. "Nekesa, kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Moraa lo ń bá ṣeré! Èmi, iṣẹ́ tó ti jinná nìkan lo ń gbé wá fún mi." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ń jowú, ṣé o ti gbọ́?"

Kiprono fa àga kan, ó jókòó tì í. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mi ò fẹ́ kí o rí mi níbi tí mo ti ń ṣe àṣìṣe."

"Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ wà."

Nekesa yọ àyẹ̀wò rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó sì lọ bẹ Moraa.

"Èmi tí mo lọ́kọ ní ìlú Kisii!" Moraa bú sẹ́rìn-ín. "Kí ni n óò fi eléyìí tó ń da tíì sára ṣe?"

Láti ọjọ́ náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń jókòó ṣeré láàárọ̀. Ohun tó bá dúró lẹ́yìn eré ni Nekesa ń kọ àyẹ̀wò fún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, Kiprono pè é. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo ló wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, òun tí kò kọ àyẹ̀wò ṣáájú kóòdù rí láyé ẹ̀: "Nekesa gbà láti fẹ́ Kiprono." Ó pupa.

"Kóòdù ẹ̀ wá dà?"

"Mi ò lè kọ ìyẹn, olólùfẹ́ mi. Ọwọ́ rẹ ló wà."

Nekesa tẹ "bẹ́ẹ̀ ni." Ojú kọ̀ǹpútà di àwọ̀ ewé. Kiprono fò dìde láti dì mọ́ ọn.

"Dúró ná," ni Nekesa wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Kọ́kọ́ gbé ife tíì yẹn sílẹ̀."