Ogójì Ọjọ́ Ààwẹ̀ Òbí

Ní Lugbe, l'Ábújá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Olúwadémiládé. Ìyá rẹ̀ aládùúrà wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń tẹ̀lé e lórí ayélujára, nítorí kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í gbé èrò tuntun jáde.

Èyí tó gbòde jù ni ó pè ní Ààwẹ̀ Òbí. "Ẹ ti gbààwẹ̀ oúnjẹ rí," ló wí nínú fídíò rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ gba ti òbí wò! Ogójì ọjọ́: ẹ má gbé ìpè wọn, ẹ má fèsì. Ẹ ó mọ bí òmìnira ṣe rí."

Bí wọ́n bá bi í pé níbo ló ti rí irú ọgbọ́n yìí, a ní, "Orí mi ni."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan ní Orozo, Adérónkẹ́, kọ̀wé sí i: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo gba ààwẹ̀ náà. Ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n ni màmá mi kú. Èmi ni wọ́n pè kẹ́yìn. Mo ń wo fóònù títí tó fi dákẹ́."

Kò bú u, kò ṣépè. Ìyẹn gan-an ló ba Démiládé lẹ́rù.

Ó pa fídíò náà rẹ́, ṣùgbọ́n ó ti tàn kálẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nínú bọ́ọ̀sì, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀: "Ẹ má gbé ìpè wọn..." Ó yíjú padà. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ló ń wo fídíò náà lórí fóònù. Bí ìpè ìyá ọmọ náà ti wọlé, ó gé e.

"Àbúrò, jọ̀ọ́, dá wọn lóhùn."

"Kai! Bọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lẹ bí mi ni? Ọjọ́ kejìlá mi rèé, ẹ má bà á jẹ́ fún mi o!"

Ọmọ náà kò mọ̀ pé Démiládé ló ni ohùn náà.

Fóònù ta ni ì bá à dún, Démiládé a ta gìrì, bí ẹni pé màmá Adérónkẹ́ tó ti kú ló ń pè.

Ó sáré lọ bá Hezekiah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ onígbàgbọ́ tó ń tún fóònù ṣe. "Bọ̀dá Hezekiah, ẹ bá mi pa fídíò náà rẹ́ níbi gbogbo!"

"Agbára mi ò ká a. Ṣùgbọ́n sọ òótọ́: níbo ni èrò yẹn ti wá?"

"Orí mi..." Ó mi orí. "Màmi bá mi wí torí obìnrin tí mo kó sílé. Inú bí mi. Ó di oṣù mẹ́jọ tí mi ò gbé ìpè wọn. N ò fẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan ni ọmọ burúkú."

"Ẹ̀ṣẹ̀ lo sọ di ọgbọ́n, Démiládé. O ò lè kó o padà. Àmọ́ irú ẹ gan-an ni Jésù torí ẹ̀ kú. Ké pè é."

Ó dojú bolẹ̀ níbẹ̀. "Agbanilágbàtán, Ọba tí kì í jáni kulẹ̀, ọwọ́ mi ti kan ẹ̀jẹ̀. Jésù, gbà mí!" Olúwa sì gbà á.

Ó pe ìyá rẹ̀. "Àjàní," ni ìyá fi oríkì rẹ̀ pè é. "Àjàní. Àjàní mi." Kò bi í ní nǹkan kan.

Ó lọ bẹ Adérónkẹ́. Ọmọ náà kò tíì lè wo ojú rẹ̀. Fídíò náà ṣì ń kiri.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Ta ló ń ṣègbé lọ́wọ́ nítorí ohun tí ìwọ fi kọ́ni, tí o sì ti gbàgbé? O ò mọ orúkọ wọn. Jésù mọ̀ wọ́n. Ronú pìwà dà. Kúnlẹ̀ síbi tí o wà yìí, lónìí, kí o jẹ́ kó wẹ ọkàn rẹ mọ́, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá.