Ẹ Ka Nọ́ńbà Kí Ẹ Tó Ra Alùpùpù Àlòkù

Lọ́dún tí owó Udoji, àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba, dé, ta ni kò fẹ́ gun alùpùpù ní Ajégúnlẹ̀? Ọláìtán, akọ̀wé tó ń ka ẹrù ní èbúté Àpápá, ní ẹsẹ̀ òun ti sin ìjọba tó.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, alùpùpù àlòkù méjì wà níwájú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Chukwuma, mẹkáníìkì àdúgbò. Dúdú jẹ́ ti Bàbá Yínúsà, òṣìṣẹ́ èbúté tó fẹ̀yìn tì, tó ń padà sílé ní Ìwó. Táǹkì rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú. Pupa ń dán gbinrin. Lazarus ló ni ín, òun àti Ọláìtán sì jọ ń kọrin nínú kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì.

Iye kan náà ni wọ́n ń tà wọ́n. Ọkàn Ọláìtán ti gun pupa yẹn dé ṣọ́ọ̀ṣì.

"Bùrọ̀dá, ẹ má jẹ́ kó pẹ́," ni Lazarus wí. "Ẹnì kan ń bọ̀ láti Wharf Road ní aago mẹ́rin. Nítorí pé ìjọ kan náà ni wá ni mo ṣe dá a dúró dè yín."

Ọláìtán ti ki ọwọ́ bọ àpò. "Chukwuma, bá mi wò ó kíá."

Chukwuma wo táyà, ó wo bíréèkì. Ó kúnlẹ̀, ó fi àkísà nu abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó wá fi ìka tọ́ka síbẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ wo ibí yìí. Wọ́n ti fi fáìlì irin rẹ́ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n tẹ òmíràn lé e."

"Lazarus, ìwé rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà nílé. Àbí ẹ ò fọkàn tán mi ni?"

Ojú ti Ọláìtán. Ṣé èèyàn á máa béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń jẹ oúnjẹ Olúwa?

Chukwuma rọra sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ní wọ́ọ̀fù, ṣé ẹ máa ń buwọ́ lu àpótí tí nọ́ńbà ara rẹ̀ kò bá ti ìwé mu?"

"Rárá o."

"Kí ló wá dé? Bó bá jẹ́ pé wọ́n jí i ni, ẹni tí ọlọ́pàá bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa mú."

Ọláìtán fa ọwọ́ yọ nínú àpò. "Lazarus, jẹ́ ká jọ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bó bá tọ̀nà, màá sanwó."

Lazarus ta alùpùpù náà nípàá, ó gùn ún lọ.

Dúdú ni Ọláìtán rà, lẹ́yìn tí òun àti Bàbá Yínúsà jọ dé ọ́fíìsì náà, tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ìwé mu. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ pupa fún ẹnikẹ́ni. "Mi ò ní ba orúkọ ọmọ ìjọ jẹ́," ló sọ fún Morádéún ìyàwó rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó rí alùpùpù pupa náà lẹ́nu géètì èbúté. Ọlọ́pàá ló dì í mú. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ Oyèníran, akọ̀wé tí tábìlì tirẹ̀ kọjú sí ti Ọláìtán. "Mo rà á ni," ló ń wí léraléra. Kò ní ìwé kankan, Lazarus sì ti sá kúrò ládùúgbò.

Ọláìtán tẹ̀ lé wọn dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó mọ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Oyèníran fi sùn sí àtìmọ́lé. Títí dòní, ìyàwó Oyèníran kì í dáhùn bí Ọláìtán bá kí i, Ọláìtán ò sì lè bá a wí.

Ẹ̀yin ará, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ẹ bá fẹ́ ra alùpùpù àlòkù, ẹ fi nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì àti ti férémù wé èyí tó wà nínú ìwé. Kí ẹ̀yin àti ẹni tó ń tà á jọ lọ yí orúkọ inú ìwé padà ní ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá ń kán yín lójú, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Bí ẹ bá sì rí nọ́ńbà tí wọ́n ti rẹ́, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà ṣe ọmọ ìyá yín ló ń tà á. Ẹni tí ẹ kò kìlọ̀ fún lè jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́.