Táyà Méjèèjì Ń Yí Pọ̀

Bí mo bá ń parọ́, kí fóònù tí mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán gangan ló sì ṣẹlẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má lọ sọ pé oorun ló ń kun ẹni tó rí i.

Aǹtí Wẹ́dà wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Òjò ń rọ̀. Iná ti lọ, kò lè jó irin kankan. Ó kàn jókòó ti bẹ́ǹṣì ẹ̀, ó ń wo fọ́tò àbúrò ẹ̀ lórí fóònù. Oṣù mẹ́fà rèé tí wọ́n ti sin ín.

Ìgbà yẹn ló gbọ́ ọ níta. Kẹ̀ẹ́. Kẹ̀ẹ́. Kẹ̀ẹ́.

Kò gbójú sókè. Ó mọ igbe táyà yẹn. Ọwọ́ òun ló ti wá.

Ṣé ẹ rí i, gíà kan wà nídìí ọkọ̀ tó máa ń jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn méjèèjì yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí ọkọ̀ bá ń gba kọ́nà. Dífù là ń pè é. Àwọn tó ń ṣe dírífíìtì, eré kí ọkọ̀ máa fi ìdí yọ̀ kí èéfín máa rú, kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní kí wẹ́dà jó gíà náà pọ̀, kí táyà méjèèjì di ọ̀kan. Ó dáa lórí pápá eré. Àmọ́ tó o bá ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, táyà á máa ké ní gbogbo kọ́nà. Tí òjò bá wá rọ̀, tí ẹni tó ń wà á ò mọ̀, ìdí ọkọ̀ á kàn já lọ ni.

Àbúrò Aǹtí Wẹ́dà ò mọ̀. Eléèéfín, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe dírífíìtì, ló ni ọkọ̀. Ó rán an níṣẹ́ lọ́jọ́ òjò, ó ju kọ́kọ́rọ́ sí i, kò sọ nǹkan kan. Ọmọ ọ̀hún dé ráńdábáòtù, ìdí ọkọ̀ já, ó di ara òpó iná.

"Eré àsápajúdé ló pa á," ni Eléèéfín ń sọ kiri. Ìyá wọn gbọ́, ó gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá ò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ ọmọ náà nínú ilé mọ́.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Aǹtí Wẹ́dà ti ń dúró dè é.

"Aǹtí, ẹ káàsán." Eléèéfín ti rù, ṣòkòtò ń bọ́ nídìí ẹ̀.

"Kí lo fẹ́?"

"Táyà yìí ò jẹ́ n sùn. Ó ń ké."

"Mo ti sọ fún ẹ pé á máa ké."

"Aǹtí, nígbà tí mo tún ọkọ̀ yìí ṣe, mo ti yọ èyí tẹ́ ẹ jó. Mo ti ra dífù tuntun. Mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti wò ó." Ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀. "Tí mo bá pa ọkọ̀ pàápàá, ó ń ké."

Aǹtí Wẹ́dà fi jáàkì gbé ìdí ọkọ̀ sókè. Tí dífù bá dáa, tó o bá yí táyà kan síwájú, èkejì á yí sẹ́yìn. Ó yí tọ̀tún síwájú.

Tòsì tẹ̀ lé e. Síwájú.

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó tú irin gbọọrọ tó so táyà ọ̀tún mọ́ dífù, ó fà á yọ, ó gbé e sílẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó so wọ́n pọ̀ mọ́. Ó tún yí tọ̀tún.

Jẹ́ẹ́jẹ́, tòsì tẹ̀ lé e.

Eléèéfín sún sẹ́yìn. Ẹ̀rù ò ba Aǹtí Wẹ́dà. Ẹ gbà mí gbọ́, inú ẹ̀ dùn. Ó dà bíi pé wọ́n bu omi tútù sí i láyà.

"Eléèéfín! Èéfín ẹ dà?"

"Aǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

Aǹtí Wẹ́dà pe ìyá ẹ̀, ó jẹ́ kí ohùn fóònù ròkè, ó nà án sí Eléèéfín lẹ́nu. "Sọ ọ́."

"Mà... mi ò sọ fún un pé wọ́n ti jó dífù. Kò sáré, Mà. Mo parọ́ mọ́ ọn ni."

Òjò nìkan ló ń lu páànù. Òjò wá dá lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tẹ́nì kan ti ẹ̀rọ omi pa.

Aǹtí Wẹ́dà yí táyà ọ̀tún, ó ń retí kí wọ́n pínyà.

Tòsì tẹ̀ lé e.

"Mo ti sọ ọ́ o!" Eléèéfín pariwo. "Kí ló tún kù?"

Ìgbà yẹn ni ìyá sọ̀rọ̀. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi?"

"Èmi, Màámi?"

"Ìwọ lo jó o. O mọ̀ pé àbúrò ẹ máa ń wa ọkọ̀ yẹn. Ṣé ìwọ sọ fún un?"

Ọwọ́ Aǹtí Wẹ́dà ṣì wà lára táyà. Táyà náà yí. Òun kọ́ ló yí i.

Ó gé ìpè náà.

Eléèéfín ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Kò padà wá gbé ọkọ̀ ẹ̀ di òní. Ọ̀sọ̀ọ̀sán ni ìyá ń pè. Aǹtí Wẹ́dà á wo fóònù, kò ní gbé e. Bó bá ṣe ń dún ni táyà méjèèjì ń yí, síwájú, ní dọ́gbadọ́gba. Jáàkì sì ń rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tí kò bá gbé e.

Bẹ́ǹṣì ẹ̀ ni imú ọkọ̀ dojú kọ. Lánàá tí mo kọjá níbẹ̀, ó ku ìka kan kí táyà kan ilẹ̀. Aǹtí Wẹ́dà jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà.

Fóònù ń dún.